Misnadin Tó Ń Pe Màlúù ní Ẹ̀yin

Inú oko iyọ̀ ni Sahwiyah ti kọ́kọ́ rí Misnadin. Agbọ̀n iyọ̀ tó wà lórí ọmọbìnrin náà lọ́jọ́ náà wúwo ju ilé alájà mẹ́ta lọ, oòrùn erékùṣù Madura sì mú débi pé ẹja ń bẹ omi pé kó fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí òun. Ọkùnrin yìí fa màlúù rẹ̀ kúrò lọ́nà, ó tẹrí ba títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹrẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọjá. Ẹ dákun, a dí yín lọ́nà."

Èdè tí wọ́n fi ń bá ọba àti àlùfáà àgbà sọ̀rọ̀ ni. Sahwiyah bojú wẹ̀yìn, bóyá ìyá ọba kan ló ń bọ̀.

"Èmi lò ń bá wí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Kí lo fẹ́ jí?"

Oṣù mẹ́ta gbáko, ẹnu Misnadin ò yí padà, títí ó fi kó àwọn àgbà wá tọrọ Sahwiyah lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Inú bàbá náà dùn.

"Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa fún wọn lésì."

"Bàbá, ṣé ẹ ti gbàgbé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi? 'Ẹ̀yin, ẹ̀yin' ló ń pè é títí dọjọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó di 'ìwọ ewúrẹ́ yìí'."

"Kí lo wá fẹ́ ká ṣe?"

Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, Sahwiyah ti fara pamọ́ sínú koríko gbígbẹ nílé màlúù Misnadin. Ọkùnrin lè purọ́ fún obìnrin, ó lè purọ́ fún bàbá obìnrin. Ta ló ń purọ́ fún màlúù?

Misnadin gbé àgbo tí wọ́n po ẹyin adìyẹ mọ́ wọlé fún akọ màlúù tó fi ń sáré ìje. Ẹranko tó tóbi bíi mọ́ṣáláṣí yìí sì gbé pátákò lé e lẹ́sẹ̀. Sahwiyah na etí. Èébú dà?

"Ẹ dákun, ẹ gbẹ́sẹ̀ yín kúrò lórí tèmi," Misnadin wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ṣeun. Ẹ mu àgbo yín."

Koríko wọ Sahwiyah nímú, ó sín, òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí lọ.

"Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀?"

"Èmi ni. Ta ló kọ́ ẹ láti máa pe màlúù ní ẹ̀yin?"

"Ìyá mi tó di olóògbé. Wọ́n ní ẹnu tó bá bú màlúù láàárọ̀, tó bá dalẹ́, á bú ìyàwó."

Sahwiyah wá irọ́ lójú rẹ̀ títí, kò rí.

"Témi náà bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò."

Ó tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ tí màlúù ti tẹ̀ gan-an ló yàn.

"Ẹ ṣeun," ni Misnadin wí.

Sahwiyah gbọn koríko kúrò lórí, ó rọra tẹrí ba fún un, ìgbà àkọ́kọ́ rèé.

"Ẹ wá gba èsì yín lọ́dọ̀ bàbá mi lọ́la," ó wí. "Ẹ má pẹ́ o."