Ẹ̀mí Tó Wọ Ẹ̀wù Ẹlẹ́wù

Ijó ni Thanong ń jó nígbà tí Duangta kọ́kọ́ fojú kàn án. Ọ̀sán gangan ni, lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìtọ́jú àkànṣe, níbi tí àwọn ẹbí aláìsàn tẹ́ ẹní sí lọ bẹẹrẹ. Ó gbé agbọ̀n ìrẹsì lérí, ó ń ju ìdí sọ́tùn-ún, ó ń jù ú sósì, nọ́ọ̀sì kan sì ń fi ìwé gbá a lẹ́yìn pé kó dákẹ́.

"Wọ́n ti yọ rọ́bà lọ́fun bàbá mi!" ló ń kígbe. "Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún! Ó ti ń fúnra rẹ̀ mí! Kódà, ó ti bú mi!"

Ọjọ́ mọ́kànlá nìyẹn tí Duangta ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. Ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn ọ̀hún ni ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá alùpùpù ìyá rẹ̀, Màmá Buaphan, ní kọ́nà ẹ̀gbẹ́ tẹ́ńpìlì abúlé wọn, nígbà tí ó ń kó ìbẹ́pẹ lọ sọ́jà; inú yàrá yẹn ló sì wà láti ìgbà náà. Bàbá Duangta ti kú tipẹ́, òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ni wọ́n jọ ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò tilẹ̀ rí i mú. Thanong gbọ́ ọ, ó yíjú wò ó, ó sì gbàgbé pé òun gbé agbọ̀n lérí. Gbogbo ìrẹsì náà dà sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, oúnjẹ yín ti lọ o," ni Duangta wí.

"Jẹ́ kó máa lọ, àbúrò. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti jẹun?"

Kò tíì jẹun. Wọ́n jọ ṣa ìrẹsì náà nílẹ̀ tán, wọ́n jókòó sórí ẹní kan náà, wọ́n sì pín ẹja sísun kan ṣoṣo tó kù nínú ọ̀rá Duangta jẹ. Nígbà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ dé ìrù, wọ́n ti mọ orúkọ ara wọn, wọ́n sì ti mọ ohun tó ń ba olúkúlùkù lẹ́rù.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n taari bẹ́ẹ̀dì Màmá Buaphan náà jáde kúrò níbẹ̀ lọ sí wọ́ọ̀dù. Ó ń mí fúnra rẹ̀! Duangta fò sókè, Thanong fò sókè pẹ̀lú rẹ̀, nọ́ọ̀sì ọjọ́sí sì tún mú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.

Wọ́ọ̀dù obìnrin àti wọ́ọ̀dù ọkùnrin kọjú síra wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn kan náà ni wọ́n sì jọ ń lò. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn máa ń sá aṣọ sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, aṣọ ti wá di mímọ́ jù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárọ̀ yìí tí mo ń rí yín níbí. Kí lẹ ń fọ̀?"

"Bàbá mi máa ń làágùn gan-an ni."

"Pẹ̀lú fáànù méjì lórí bẹ́ẹ̀dì wọn?"

"Ó dáa, èmi ni mò ń làágùn. Tí mo bá ti rí ẹ báyìí, òógùn á bò mí. Kí ni kí n ṣe sí i?"

"Ẹ lọ wẹ̀," ni Duangta dá a lóhùn, ó sì sáré wọlé kó tó rí ojú òun.

Ayọ̀ ń bẹ, ṣùgbọ́n ohun kan ò jẹ́ kó kún. Màmá Buaphan lajú, egbò rẹ̀ ń jinná, àmọ́ àjà nìkan ló ń wò. Kò sọ̀rọ̀, kò gbé oúnjẹ mì, rọ́bà tó gba imú ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kàn sùn sórí aṣọ. Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ yè, pé àwọn mìíràn máa ń pẹ́ kí wọ́n tó padà bọ̀ sípò lẹ́yìn irú yàrá yẹn, kí Duangta sáà máa bá a sọ̀rọ̀. Duangta sọ̀rọ̀ títí ohùn fi fẹ́ há. Ó sọ ti ilé, ó sọ ti ọjà, ó sọ ti adìyẹ mẹ́sàn-án tí ìyá rẹ̀ ń sìn, ó ń dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan.

Àǹtí Lamai, àbúrò ìyá rẹ̀, ti abúlé dé lọ́jọ́ kan. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ẹ̀mí ẹ̀ ò sí nílé," ó ní. "Ojú títì ló ṣì jókòó sí. Ẹ ò sì tíì lọ mú un láti ọjọ́ yìí?"

Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀mí tó wà lára ènìyàn kì í ṣe ẹyọ kan. Méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n, ojo sì ni wọ́n. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, òmíràn á já sílẹ̀, á dúró síbẹ̀ bí ọmọ tó sọnù lọ́jà. Àwọ̀n ẹja la fi ń lọ gbọ́n ọn, pẹ̀lú ẹyin sísè, ìrẹsì àti ẹ̀wù ẹni tó ni ín. Kódà nígbà tí Duangta lọ gba àyè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ohun tí nọ́ọ̀sì náà wí ni pé, "Mo rò pé ẹ ti lọ tipẹ́ ni."

Thanong ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn lọ sí kọ́nà náà. Òun ló dúró láàárín títì, ó ń na ọwọ́ dá ọkọ̀ dúró, nígbà tí Àǹtí Lamai ń fi àwọ̀n gbọ́n afẹ́fẹ́, ó ń ké pé, "Buaphan o, máa bọ̀ nílé! Má dúró sínú oòrùn, oúnjẹ ti délẹ̀, ọmọ rẹ ń pè ọ́!" Duangta tẹ́ ẹ̀wù aró ìyá rẹ̀ sábẹ́ àwọ̀n, ó ká a pọ̀ kíá, ó sì gbá a mọ́ àyà.

"Tí Màmá bá sọ̀rọ̀," ni Thanong wí nínú ọkọ̀, "mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá wọn sọ."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ ni."

Duangta wo ojú fèrèsé títí wọ́n fi dé ìlú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wọ ẹ̀wù náà fún Màmá Buaphan. Ọjọ́ kìíní kọjá, ọjọ́ kejì kọjá, àjà ló ṣì ń wò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ohùn kan tó ti há dún láti wọ́ọ̀dù ọkùnrin.

"Ta ló ń fún àwọn adìyẹ mi lóúnjẹ? Mẹ́sàn-án ni wọ́n o! Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?"

Bàbá Khamsing ni, bàbá Thanong. Bọ́ọ̀sì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wà, kò sin adìyẹ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún gún Àǹtí Lamai létí. Ó yí kọ́là ẹ̀wù aró tó wà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò, ó wá tú bọ́tìnì rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan. Òwú pupa ni wọ́n fi rán ẹ̀kẹta.

"Èyí kì í ṣe ẹ̀wù Buaphan! Ta ló ni ín?"

Ojú Thanong, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ti funfun. Ní ọjọ́ kan tí òjò ṣú, kí wọ́n tó lọ sójú títì, òun ló sáré ká aṣọ gbogbo ènìyàn nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí Duangta má bàa tutù. Gbogbo àgbẹ̀ àti aláìṣàgbẹ̀ ló ń wọ ẹ̀wù aró lápá ibí, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Ti bàbá rẹ̀ ló kó sínú bàsíà Duangta.

"Ìwọ nìyẹn!" Àǹtí Lamai gbé ohùn sókè, àwọn aláìsàn sì gbé orí sókè. "Ẹ̀wù ẹlẹ́wù la fi lọ mú un! Ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ̀lé ẹni tó ni ẹ̀wù lọ! Duangta, tí mo bá tún rí ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yìí, má pè mí ní àǹtí mọ́."

Ọjọ́ méjì ni Duangta kò fi yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dùn ún wọra. Ní ọjọ́ kẹta, ó bá Thanong lẹ́nu ọ̀nà, Thanong di abọ́ ìrẹsì rírọ̀ mú, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é," ni Duangta wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó máa pè é ní "o", ibi tó bọ́ sí kò sì dára. "Ṣùgbọ́n tí Màmá ò bá padà sọ́dọ̀ mi, gbogbo ìgbà tí mo bá rí ẹ ni n ó máa rántí. Mi ò lè fi irú ojú yẹn fẹ́ ọkọ."

"Mo gbọ́," ni Thanong wí. Ó gbé abọ́ náà lé e lọ́wọ́, ó kọjá lọ bá bàbá rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Bàbá Khamsing tẹ́tí títí ó fi parí.

"Aláìmọ̀kan ni ẹ́," ó ní. "Wá gbé mi sórí àga oníkẹ̀kẹ́."

"Bàbá, ẹ ò tíì lè dúró. Níbo lẹ ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ dá ẹrù ẹlẹ́rù padà."

Báyìí ni wọ́n ṣe tì í wọ wọ́ọ̀dù obìnrin, pẹ̀lú ìrùngbọ̀n rẹ̀ tí wọn ò tíì fá. Àǹtí Lamai dìde láti dí i lọ́nà, Bàbá Khamsing sì pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ni obìnrin náà bá yà fún un. Ó gba ẹ̀wù aró rẹ̀ padà lọ́wọ́ wọn, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó tẹ̀ síwájú.

"Màmá Buaphan, ẹ ò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ yín," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá gba àwọn adìyẹ yín. Ó ti rẹ̀ mí. Adìyẹ abolọ́rùn yẹn ti fẹnu ṣá mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo kà wọ́n láàárọ̀ yìí, mẹ́jọ péré ni mo rí. Ó dà bíi pé mo ti sọ ọ̀kan nù."

Ojú Màmá Buaphan kúrò lára àjà. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó wo ìrùngbọ̀n ọkùnrin náà, ètè rẹ̀ sì mì.

"Mẹ́sàn-án ni," ó ní, ohùn rẹ̀ gbẹ táútáú. "Ẹ tún wọn kà."

Ẹ wo ariwo! Duangta ké, ó ṣubú lé ìyá rẹ̀ láyà, ìyá náà sì ń pè é, "Duangta, Duangta," bí ẹni tó ń tọ́ orúkọ náà wò. Àwọn nọ́ọ̀sì ń sáré bọ̀. Àǹtí Lamai gbá ẹni tó sún mọ́ ọn jù mọ́ra, ó ń sunkún sí i léjìká, ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé Thanong ni.

Dókítà sọ ohun tí dókítà máa ń sọ, Àǹtí Lamai náà sọ tirẹ̀. Fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í tì lóòótọ́, ohùn Duangta sì ròkè dáadáa. Bí wọ́n bá bi Bàbá Khamsing léèrè, omi ló máa ń ní kí wọ́n bu wá fún òun. Èmi ò dá sí i.

Láti ọjọ́ yẹn, ara ń yá wàràwàrà. Wọ́n yọ rọ́bà imú. Màmá Buaphan jẹun, ó bú oúnjẹ ilé ìwòsàn pé kò ní ata. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìkan ló kù. Ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní eré ìdárayá ní kó máa fi ìka yí ìrẹsì alálẹ̀mọ́ ní róbótó, bí a ti ń ṣe ká tó fi sẹ́nu. Thanong ń gbé ìrẹsì gbígbóná wá láràárọ̀. Àkọ́kọ́ já bọ́, èkejì já bọ́. Ẹ̀kẹwàá dé ẹnu!

"Ìwọ," ni Màmá Buaphan wí fún un, ó ṣì ń jẹnu. "Ṣé ìwọ lo da ẹ̀wù rú?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ jọ̀wọ́."

"Wọ́n ní o ní ọ̀rọ̀ kan fún mi."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Thanong ti ń kó jọ fò lọ. Ó wólẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀. "Ọmọ yín ni, Màmá. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Mi ò ní fọ aṣọ rẹ̀ láé láìkọ́kọ́ wo bọ́tìnì."

"Duangta, kí ni o rí sí i?"

"Ó ń làágùn, Màmá," ni Duangta wí, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń jáde lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ẹ gan-an ni."

"Ẹ óò dúró dè mí nígbà náà," ni ìyá rẹ̀ wí, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. "Òwú ìgbéyàwó tí wọ́n máa so mọ́ ọrùn ọwọ́ ọmọ mi, èmi ni n ó so ó. Mi ò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi so ó."

Oṣù márùn-ún ni wọ́n dúró. Ní òwúrọ̀ ìgbéyàwó, ọkọ àti ìyàwó jókòó lórí ẹní, wọ́n na ọwọ́ síwájú, àwọn àgbà sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ pẹ̀lú òwú funfun. Màmá Buaphan ló ṣáájú. Ó yí òwú náà ká ọrùn ọwọ́ Duangta, ó fi ẹnu pe ẹ̀mí méjèèjìlélọ́gbọ̀n kí wọ́n dúró sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so ó. Ó yọ̀ bọ́. Ó tún un mú, ó tún yọ̀. Ìlà tò dé ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀. Àǹtí Lamai kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó na ọwọ́ láti ràn án lọ́wọ́.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Àǹtí," ni Duangta wí jẹ́jẹ́. "A ò kánjú."

Ìka àárín gba abẹ́ òwú kọjá, ó fà á. Kókó náà wọ́, ó sì tóbi jù, ṣùgbọ́n ó dì. Màmá Buaphan nu òógùn ojú, ó yí sí Thanong, ó ní kó mú ọwọ́ tirẹ̀ wá.