Ohun Tí Folúṣadé Ní Òun Kò Rántí

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Folúṣadé ń múra láti lọ ra òwú ìránṣọ ní ọjà Sabon Tasha nígbà tí àbúrò ọkọ rẹ̀ gbé ọkọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn ní Narayi. Ó ní ìyàwó àwọn kò gbọdọ̀ wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí òun wà láyé. Folúṣadé rẹ́rìn-ín, ó kí i ní "Akọ̀wé," ó sì wọ ọkọ̀. Stephen ni orúkọ ọmọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ẹnu Folúṣadé kò pe orúkọ yẹn rí. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ìdí ìwé ló ti bá a lọ́jọ́ tó wọlé Ọlátúnbọ̀sún ọkọ rẹ̀, ló bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé, ohun tó sì ń pè é látìgbà náà nìyẹn.

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí fóònù Akọ̀wé fi dún. Ó fi ọwọ́ kan gbé e sétí, ó fi ọwọ́ kejì wakọ̀, kò sì dín eré ọkọ̀ kù. Folúṣadé ní kó gbé e sílẹ̀. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ẹ̀rín sí i kó má dà bíi pé ó ń bá ọmọ ọkọ wí. Kò ráyè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta tí wọ́n fi kọ lu ọlọ́kẹ̀kẹ́ kan tó ń jẹ́ Yàkúbù.

Yàkúbù kò kú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló dákú sí, nígbà tó sì lajú ní ọsibítù, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Kò rántí nǹkan kan nípa bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Folúṣadé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó jókòó pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ohun tó rí. Ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ ní kó kà á padà kó tó fọwọ́ sí i, ó sì kà á. Kò fi ohunkóhun pa mọ́, nítorí jìnnìjìnnì kò tíì jẹ́ kó ráyè ro irọ́.

Ẹ mọ bí ẹjọ́ ṣe ń falẹ̀. Kó tó kan kóòtù, ó ti lé ní ọdún méjì. Láàárín ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ti yí padà nílé Ọlátúnbọ̀sún. Bí àlejò bá bi wọ́n léèrè, wọn a ní ọlọ́kẹ̀kẹ́ ló já wọ títì láìwo iwá wo ẹ̀yìn. Lákọ̀ọ́kọ́, Folúṣadé ń dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ń mi orí. Nígbà tó tún yá, òun gan-an ló ń bá wọn sọ ọ́, ó sì ń fi tirẹ̀ kún un. Ọ̀rọ̀ tí a bá ń sọ lójoojúmọ́ a máa di òótọ́ lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́.

Ìròyìn yẹn tàn dé àdúgbò Yàkúbù. Wọ́n ní ìkánjú ló gé e lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ tó ń wà kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́, Zuwera ìyàwó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í din àkàrà ní oríta kan. Folúṣadé mọ oríta náà. Bó bá ń lọ sọ́jà, ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà, torí ojú ń tì í.

Nígbà tí wọ́n fìwé pè é láti wá jẹ́rìí fún ìjọba nínú ẹjọ́ tí wọ́n pe Akọ̀wé, ọkọ rẹ̀ pè é sí yàrá.

"Ṣadé, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," ni Ọlátúnbọ̀sún wí. "N kò ní kí o purọ́ o. Ṣáà ti sọ pé o ò rántí. Ta ló lè yẹ inú ẹ wò?"

Folúṣadé gbé e yẹ̀ wò, ó sì dùn mọ́ ọn, nítorí lójú tirẹ̀, ẹni tó ní òun kò rántí kò purọ́, kò sì tíì sọ òtítọ́ tó máa ba ilé jẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, agbẹjọ́rò ìjọba wá bá a lẹ́nu ọ̀nà kóòtù. Huda ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ungwan Rimi, tí Yorùbá rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó já sí Hausa.

"Màmá, sannu," ni Huda fi kí i. "Ẹ ka ohun tí ẹ kọ fún ọlọ́pàá ká tó wọlé, ẹ jọ̀ọ́, don Allah. Ó ti pẹ́, èèyàn lè gbàgbé, kò sì sófin tó ní kẹ́ ẹ má kà á."

Folúṣadé ní ojú ń ro òun. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá kà á, "mi ò rántí" kò ní lè jáde lẹ́nu òun mọ́.

Ó di Bíbélì mú, ó búra. Huda bi í pé kí ni awakọ̀ ń ṣe kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Ó ní òun kò rántí. Níbo ni kẹ̀kẹ́ wà? Òun kò rántí. Agbẹjọ́rò tó ń gbèjà Akọ̀wé rẹ́rìn-ín sábẹ́ irùngbọ̀n. Huda kò bínú. Ó kàn béèrè bóyá Folúṣadé kọ ohunkóhun fún ọlọ́pàá, bóyá òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, bóyá ọjọ́ náà gan-an ni, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì jẹ́ tuntun lọ́kàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ni Folúṣadé ń dáhùn, láìmọ ibi tó ń lọ. Ni Huda bá tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́ pé kí ẹlẹ́rìí wo ìwé náà kó fi rán ara rẹ̀ létí. Agbẹjọ́rò Akọ̀wé ní òun náà gbọ́dọ̀ rí i, wọ́n sì fi hàn án. Ó kà á tán, ó jókòó, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Adájọ́ kọjú sí Folúṣadé. "Màdáámù, ẹ kà á sínú. Ìwé yẹn kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́, ẹnu yín ni. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ ò sì rántí, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mú yín. Àmọ́ bí ẹ bá rántí tí ẹ ní ẹ ò rántí, irọ́ lẹ pa lórí ìbúra, ẹ̀wọ̀n sì ń bẹ fún un."

Folúṣadé bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọ̀rọ̀ fóònù wà níbẹ̀, kò yà á lẹ́nu, kò fìgbà kan gbàgbé ìyẹn. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló kà lẹ́ẹ̀mejì. *Kẹ̀kẹ́ náà ti dúró. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ na ọwọ́ sí wa pé ká kọjá.*

Èyí ni Folúṣadé gbàgbé lóòótọ́. Bó ti kà á ni gbogbo rẹ̀ padà wá: apá aṣọ aláwọ̀ ewé tí ọkùnrin náà ká dé ìgúnpá, àti bó ṣe ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń yà fún àgbà lọ́nà. Láti nǹkan bí ọdún méjì wá, kẹ̀kẹ́ tó ń já wọ títì ló ń rí bó bá dijú, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Irọ́ tí wọ́n ń pa nílé ti gba ipò ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọkàn rẹ̀ dá a lẹ́bi, ó sì dá ìwé náà padà.

Huda rọra béèrè bóyá ó ti rántí.

"Mo ti rántí," ni Folúṣadé wí. "Akọ̀wé ló ń wakọ̀."

Adájọ́ ní ta ni Akọ̀wé. Ó ní kó pe orúkọ ẹni náà.

Folúṣadé wo ẹ̀yìn, ó rí ọkọ rẹ̀ tó ń wo ilẹ̀.

"Stephen," ló wí. "Stephen ló ń wakọ̀, fóònù sì wà létí ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kó gbé e sílẹ̀. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ ti dúró fún wa." Kò sẹ́ni tó bi í léèrè kó tó fi kún un pé, "Ti fóònù yẹn, mi ò gbàgbé ẹ̀ rí. Mo purọ́."

Agbẹjọ́rò Akọ̀wé dìde, ó bi í pé èwo ni kí kóòtù gbà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ méjèèjì. Folúṣadé ní èyí tó gbẹ̀yìn, ìtìjú èyí àkọ́kọ́ sì di tòun.

Stephen lọ sẹ́wọ̀n, wọ́n sì gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Adájọ́ bá Folúṣadé wí níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní ọpẹ́lọpẹ́ pé ó yí padà kó tó kúrò nínú àpótí ẹlẹ́rìí. Ọlátúnbọ̀sún kò lé e jáde, ṣùgbọ́n ó ń jẹun láìsọ̀rọ̀. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́ lóòótọ́.

Lọ́jọ́ tí Folúṣadé jẹ́rìí náà, ó lọ kúnlẹ̀ fún Zuwera níta kóòtù. Zuwera wò ó títí, ó sì fi Hausa sọ fún un pé òun kọ́ ni kó máa kúnlẹ̀ fún. Ó ní ọkọ òun kò wá sí kóòtù mọ́, nítorí ó ti gba ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ gbọ́. Ó ti gbà pé òun ló jẹ̀bi.

Folúṣadé tẹ̀ lé e lọ sílé. Yàkúbù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Folúṣadé sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò sì dá ara rẹ̀ sí. Ohun kan ṣoṣo ni Yàkúbù béèrè.

"Ṣé mo dúró?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dúró fún wa," ni Folúṣadé wí, ó sì bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ọjọ́ lè kò tí wọn yóò ní kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun lọ́kàn yín. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò kà. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n kà, kí wọ́n kà á sí yín létí ní èdè tí ẹ gbọ́, kí wọ́n sì tún ibi tó bá wọ́ ṣe. Bí ó bá pẹ́ kó tó kan kóòtù, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ tún un kà. Ohun tí ẹ kò bá rántí, ẹ sọ pé ẹ kò rántí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi "mi ò rántí" bo ohun tó mọ̀, ìbáà jẹ́ nítorí ẹbí. Ẹnì kan lè wà tó jẹ́ pé ẹnu yín nìkan ló kù tí yóò ti gbọ́ pé òun kò jẹ̀bi.