Èédú Ni Mo Wí

Nígbà àkọ́kọ́ tí Japheth rí Hàlímọ̀, ó ń gún ohun dúdú kan nínú odó lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Igbó-Ọrà, òógùn sì ti la ọ̀nà tín-ín-rín sí ojú rẹ̀ tí èédú bò. Ọdún 1973 ni, bí a kò bá ṣì í, ọdún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀. Japheth, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún kẹ̀kẹ́ ṣe, ń ti kẹ̀kẹ́ oníbàárà kan kọjá. Ó dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ni yóò jẹ iyán dúdú yìí?"

"Ilẹ̀ ni. Ebi ń pa á ju ẹ̀yin lọ."

"Ọbẹ̀ rẹ̀ ń kọ́?"

"Ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti omi. Ṣé kí n bù fún yín?"

Japheth rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín ní àdúgbò náà.

Hàlímọ̀ ṣàlàyé fún un. Níbi tí Wàhábì bàbá rẹ̀ ti ń sun èédú tẹ́lẹ̀ lọ́nà Ìgàngàn, ohun tó bá hù níbẹ̀ a máa sanra. Nítorí náà ni ó ṣe ń gún èyí tó ti rún, tí ó ń rẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ ewúrẹ́, kí ó tó pò ó mọ́ ilẹ̀ ìgboro tó ti ṣá. A kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé gbogbo ilẹ̀ ló ń gbà á, ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìn ilé wọn tutù yọ̀yọ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ibi tí Japheth ń lọ tí ọ̀nà rẹ̀ kì í gba ibẹ̀. "Èédú mi" ni ó ń pè é.

Opó ni Salome, ìyá Japheth. Tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìn ilé ni ó ń tà, òun náà ni wọ́n ń jẹ, ilẹ̀ rẹ̀ sì ti le bíi bíríkì. Etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́. Ní òwúrọ̀ kan, Japheth kígbe láti ẹnu ọ̀nà: "Màmá, Hàlímọ̀ ní kí ẹ da èédú sí ìdí tẹ̀tẹ̀!"

Eérú ni Salome gbọ́. Ó kó eérú gbígbóná láti inú ààrò, ó dà á sórí tẹ̀tẹ̀ tó kù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo rẹ̀ ti jóná.

"Ọmọ eléèédú ti pa mí! Ọwọ́ dúdú yẹn kò ní bu oúnjẹ nínú ilé yìí níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè."

"Màmá, èédú ni mo wí!"

"Eérú lo wí. O ti ń purọ́ nítorí obìnrin."

Nígbà tí Wàhábì gbọ́ èébú náà, ó ní ẹsẹ̀ ọmọ òun kò gbọdọ̀ tẹ ilé náà láé.

Ebi dé. Salome ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ó ń sọ pé òun ti jẹun, títí ó fi ṣubú. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ. Hàlímọ̀ gbọ́, ó rú òfin bàbá rẹ̀, ó ru agbada èédú rírẹ wá. Ó ha eérú kúrò, ó po èédú náà mọ́ ilẹ̀, ó gbin tẹ̀tẹ̀ mìíràn, ó ń fi omi ìfọṣọ bomi rin ín lójoojúmọ́. Salome ń wò ó láti orí ẹní.

Nígbà tí ewé yọ, Hàlímọ̀ sè é, ó gbé e dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Ọwọ́ mi dúdú, Màmá. Mo fọ̀ ọ́, kò lọ."

"Kí lo dà sí ilẹ̀ mi?"

"Èédú ni."

"Wá wí i sí mi létí."

Hàlímọ̀ kúnlẹ̀, ó fi ẹnu kan etí rẹ̀. "Èédú."

Omijé lé ròrò sí ojú ìyá náà. "Eérú ni mo gbọ́," ni ó wí. "Bu oúnjẹ fún mi."

Ṣùgbọ́n oúnjẹ náà ti pẹ́ jù. Kí òjò tó padà, Salome kú, ọwọ́ Hàlímọ̀ nínú ọwọ́ rẹ̀. Wàhábì wá síbi ìsìnkú. "Ẹni tí ìyá rẹ̀ kú sí ọwọ́ ọmọ mi," ni ó wí fún Japheth, "kí ni mo tún fẹ́ fi dù ú?"

Ní ọjọ́ tí wọ́n mú ìyàwó wá, kò sí ayẹyẹ. Rosaline, àbúrò Salome, ni ó fi igbá omi wẹ ẹsẹ̀ Hàlímọ̀ lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ó fẹ́ wẹ ọwọ́ náà.

"Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ wà bẹ́ẹ̀," ni Japheth wí. "Màmá mọ̀ ọ́n."

Wọn kò da omi náà nù. Hàlímọ̀ fúnra rẹ̀ gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó sì rọra dà á sí ìdí tẹ̀tẹ̀, níbi tí Salome ti máa ń kúnlẹ̀ já ẹ̀fọ́.