Ilà Ojú Pásítọ̀

Díákónì Jonah na ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Pásítọ̀ Ọláolúwa nínú àwòrán tí Adédoyin ń yà, ọ̀dà tútù sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Doyin, pa àwọn ilà yìí rẹ́. Àwọn ará Gabon ń bọ̀ wá síbi àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa fi pásítọ̀ wa rẹ́rìn-ín ni? Kí o sì ya òrùka wúrà ńlá sí i lọ́wọ́."

"Ẹ má bínú, sà," ni Adédoyin dáhùn. "Pásítọ̀ ò ní òrùka wúrà."

Díákónì yìí, ẹni rere ni, àfi pé ohun tó bá ń dán ló máa ń wù ú.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Adédoyin, Charbonnages, àdúgbò kan ní olú-ìlú Gabon, ni wọ́n bí i sí. Olùkọ́ wọn ti fi àwòrán àwọn àlùfáà ilẹ̀ Ítálì àtijọ́ hàn wọ́n rí. Aṣọ pupa, òrùka àti ìwé ọwọ́ wọn ló ń sọ ipò wọn. Ṣùgbọ́n ayàwòrán tó mọṣẹ́ kì í fi imú wíwọ́ tàbí iwájú orí tó hunjọ pa mọ́, torí ojú ni ìwà ènìyàn ti ń hàn. Ìdí nìyẹn tí Doyin fi ya aṣọ oyè pásítọ̀ dáadáa, tó sì ya ilà ojú rẹ̀ àti ọwọ́ líle tó fi ń tún àga ṣọ́ọ̀ṣì ṣe.

"Tí o ò bá pa á rẹ́, a ò ní gbé e kọ́," ni díákónì wí, ó sì jáde.

Joël ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Doyin, laisse tomber, fi í sílẹ̀ jàre. Ṣebí ilà lásán ni. Pa á rẹ́, kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún ẹ."

Ó wu Doyin kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó tiẹ̀ ti gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ó rí i pé bí òun bá pa ilà náà rẹ́, ẹlòmíràn ló máa kù síbẹ̀. Ó fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀.

Ni díákónì bá mú fọ́tò pásítọ̀ lọ sọ́dọ̀ Anicet ní àdúgbò Louis, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò ṣe. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, wọ́n ṣí aṣọ lójú iṣẹ́ Anicet. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ pásítọ̀ ń dán bí abọ́ tánganran, òrùka sì kún ìka rẹ̀. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Doyin jókòó sẹ́yìn, ó ń sunkún.

Pásítọ̀, tó mọ̀ pé Doyin ti ya òun, tẹ̀ lé e délé lẹ́yìn ìsìn, ó ní kó gbé tirẹ̀ wá kí òun rí i. Ó wò ó títí, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

"Bàbá mi ló ní kí wọ́n kọ ọ́ fún mi, kí ará ilé lè máa dá mi mọ̀ níbikíbi," ló wí. "Jonah gbìyànjú fún mi, mi ò sì ní dójú tì í. Àwòrán ti ṣọ́ọ̀ṣì á máa sọ fún àlejò pé pásítọ̀ ni mí. Ṣùgbọ́n èyí, ọmọ mi, òun ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ mi fi mọ̀ mí."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sílé.

Aṣọ àti òrùka lè sọ ipò wa, ìwà ló ń sọ irú ẹni tí a jẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe torí àtẹ́wọ́ ba òótọ́ jẹ́. Àtẹ́wọ́ a máa tán, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe òótọ́ kì í tijú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.