Ta Ló Bu Omi Sínú Ìgò?

Gbogbo òròmọdìyẹ inú ẹyin náà, kò sí èyí tí ojú rẹ̀ ní dígí.

Dókítà Dorothy ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá sí yàrá ìwádìí rẹ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá Ṣọládé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti Kétu, ló wá.

"Ojú kì í ṣàdédé di ojú," Dorothy ṣàlàyé. "Purotéènì kan ló ń jíṣẹ́ fún awọ tó bo ojú ọlẹ̀ pé kó di dígí tá a fi ń ríran. Mo dá ti ara àwọn ọlẹ̀ yìí dúró, mo ń fi tinú ìgò rọ́pò rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, mo yẹ ìgò wò. Omi ẹ̀rọ lásán ni!"

Ṣọládé ṣí fíríìjì. Àwọn ìgò oògùn tó wọ́n ju ìyẹn lọ wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn wọ́n. Ike kan tí wọ́n fi ń kán oògùn ló tún sọnù.

Charles, igbákejì Dorothy, ń bá a jà lórí orúkọ ẹni tó máa ṣáájú nínú ìwádìí náà.

"Ọ̀gá, tó bá jẹ́ èmi ni, omi oníyọ̀ tá a fi ń pò ó ni màá bù sí i. Wọn ò ní tètè mọ̀."

Bartholomew tó ń tún ẹ̀rọ ṣe rẹ́rìn-ín. "Kí ni mo fẹ́ fi oògùn adìyẹ ṣe? I no sabi am o."

Ọmọ́bọ́lá tó ń fọ abọ́ ló kàn. Ó pọn ọmọ, fìlà bo ọmọ náà lójú.

"Kí ni wọ́n ń fi nǹkan inú ìgò yẹn ṣe?" Ṣọládé bi í.

"Òun ló ń kọ́ dígí ojú, sà." Ó fa fìlà ọmọ náà wálẹ̀ sí i. "Sà, tó bá gbóná, ṣé ó máa ń bàjẹ́?"

"Ṣí fìlà ọmọ yẹn."

Ojú ọmọ náà wú. Ẹyinjú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ.

"Ìwọ ni, Ọmọ́bọ́lá," Ṣọládé sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. "Olè tó ń wá owó ì bá gbé ìgò tó wọ́n. Onímọ̀ ì bá bu omi oníyọ̀. Ẹni tó mú ike yẹn fẹ́ kán an sójú ẹnì kan ni."

Ọmọ́bọ́lá kúnlẹ̀. "Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni, ẹ̀rù sì bà mí. Mo fi abẹ́rẹ́ fa oògùn náà, mo bu omi dípò rẹ̀. Àtìgbà tí mo ti ń kán an ni ojú ti ń wú. Mo fọwọ́ ara mi ṣe é!"

Ojú ti Dorothy. "Ó bi mí nípa rẹ̀ rí. Ẹyin ni mò ń wò, mi ò wojú ẹ̀. Mi ò sọ fún un pé inú oyún nìkan ló ti ń jíṣẹ́ yẹn. Tí ojú bá ti kọ́ tán, kò lè tún un kọ́."

Wọ́n sáré gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà títí dókítà ojú fi jáde.

"Wíwú yẹn á lọ. A máa yọ funfun yẹn. Ẹ má tún kán nǹkan kan sí i."

Ọmọ́bọ́lá na ọwọ́ méjèèjì sí Ṣọládé, kó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i.

Ọlọ́pàá náà gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.