Àbúrò Tí Oyèwálé Sọ Pé Òun Kò Ní

Ní ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ní Ọ̀yọ́, èèyàn méjì wá wádìí ilé Oyèwálé. Àwọn àna rẹ̀ ló rán wọn. Ta ni yóò fi ọmọ fún ọkọ láìkọ́kọ́ béèrè bóyá wèrè ń bẹ nínú ìdílé náà?

Èyíwùnmí, àbúrò Oyèwálé obìnrin, ti ń dá sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta nígbà náà. Àìsàn náà kò tíì rinlẹ̀. Ó ṣì ń dáná, ó ṣì ń kọrin. Ṣùgbọ́n kí àwọn àlejò tó dé, Oyèwálé mú un lọ sí abúlé ìyá wọn àgbà. Ó ní, "Dúró dè mí níhìn-ín. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

Nígbà tí àwọn àlejò béèrè iye ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí, ó ní, "Èmi nìkan ni." Bàbá rẹ̀ jókòó níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Sátidé náà kọjá, òmíràn kọjá. Ní ọdún kẹfà, wọ́n sin Èyíwùnmí sí abúlé náà. Dókítà kankan kò fojú kàn án rí.

Oyèwálé gbé Mobáyọ̀ níyàwó, wọ́n kó wá sí Laurel ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, Ọlọ́run sì fún wọn ní ọmọbìnrin kan, Adérìnsọ́lá. Oyèwálé di díákónì. Kì í mu ọtí, kì í ṣe àgbèrè, kò sì pẹ́ dé ìjọ rí. Bí wọ́n bá ní kí o tọ́ka sí ẹlẹ́ṣẹ̀ nínú ìjọ yẹn, ọwọ́ rẹ yóò fò ó kọjá.

Ohun kan ṣoṣo ni: bí o bá ṣẹ̀ ẹ́, kì í gbàgbé. Olúrótìmí, nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ, sọ níjọ́ kan pé àdúrà Díákónì gùn ju ìwàásù lọ, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín. Ọdún méje ni Oyèwálé kò fi kí i. Ẹni tó gbàgbé àbúrò tirẹ̀ kò lè gbàgbé ẹ̀fẹ̀ kan.

Ní oṣù kẹwàá, Adérìnsọ́lá dédé ti yunifásítì darí wálé. Ó ní àwọn kan ń sọ̀rọ̀ nípa òun láti inú ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ yàrá. Ó fi téèpù dí ihò náà. Kò jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀ mọ́, àfi ẹyin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè, nítorí kò sẹ́ni tó lè fi nǹkan sínú ẹyin.

Olúrótìmí rí i ní ìsìn, bó ti ń di etí. Ó lọ bá bàbá ọmọ náà níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí.

"Díákónì, mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ dá mi lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé Dérìn lọ rí dókítà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Tí wọ́n bá tètè dá sí i, ó máa ń yàtọ̀ gan-an."

"Ṣé àdúrà mi ló tún gùn jù ni?"

"Ó gùn, sà. Ẹ máa gbà á lọ. Ẹ kàn máa gbà á nínú mọ́tò bí ẹ bá ń gbé e lọ síbẹ̀."

Oyèwálé ti ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀.

Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ó fi òróró pa ilẹ̀kùn yàrá ọmọ náà. Mobáyọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn lọ rí dókítà. Ó ní, "Kí wọ́n lè kọ wèrè mọ́ orúkọ ọmọ mi? Ta ni yóò fẹ́ ẹ?" Oṣù mẹ́ta kọjá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, Oyèwálé bá ọmọ náà lẹ́bàá títì Route 1, nínú yìnyín, láìwọ bàtà. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀ bò ó. Ó gbàdúrà, ó pàṣẹ, ó bẹ̀bẹ̀. Kò sí èyí tó dé ibi tí ọmọ náà wà. Ó gbé e wọ mọ́tò, ó fẹ́ lọ wá bàtà tó bọ́ sọ́nà. Ó ní, "Dúró dè mí. Mò ń bọ̀."

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó padà jókòó sídìí ọkọ̀. Ó fi fóònù pe ẹni tí kò kí fún ọdún méje.

"Rótìmí, èmi àti Dérìn wà lẹ́bàá Route 1. Mo ti gbàdúrà tán. Kò ku nǹkan kan lẹ́nu mi."

"Ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ ti sọ fún Jésù?"

"Ọ̀kan ń bẹ tí mi ò sọ rí."

"Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, sà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a bá fi pamọ́ fún Un, àwa fúnra wa la máa ń rù ú. Ẹ dúró síbẹ̀. Mò ń bọ̀."

Olúrótìmí sì wá. Kó tó dé, díákónì náà ti gbé orí lé ìdarí ọkọ̀, ó ti gba àdúrà tó kúrú jù láyé rẹ̀: "Olúwa, gbà mí."

Wọ́n pe Mobáyọ̀, Olúrótìmí sì mú gbogbo wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ tí irú àìsàn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Dókítà kan tó ń jẹ́ Michelle gbà wọ́n. Kò ṣèlérí nǹkan kan. Ó ní ó dára tí wọ́n wá, ì bá sì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní wọ́n wá ní oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wọn ti ní irú rẹ̀ rí.

Mobáyọ̀ ló dáhùn. "Rárá. Àwọn èèyàn mi wádìí ilé ọkọ mi dáadáa. Kò sí níbẹ̀."

Ìwọ tí o di ìwé yìí mú, jẹ́ kí á fi Oyèwálé sílẹ̀ lórí àga yẹn fún ìṣẹ́jú kan. Wọ́n bi ìwọ náà ní ìbéèrè. Ta ni o fi sílẹ̀ tó ń dúró dè ọ́? Kí ni o bò mọ́lẹ̀, tí o wá ń to àdúrà lé e lórí? Jésù kò béèrè nítorí pé kò mọ̀. Ó béèrè kí ó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bí ọmọ rẹ bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, mú un lọ gba ìtọ́jú lónìí. Bí ìwọ fúnra rẹ bá sì ń gbọ́ ohùn Olùgbàlà, ronú pìwà dà lónìí. Má ṣe sọ pé ó di Sátidé.

Oyèwálé yíjú kúrò lọ́dọ̀ dókítà. Ìyàwó rẹ̀ ló kọjú sí.

"Mobáyọ̀, mo parọ́ fún àwọn èèyàn rẹ. Mo ní àbúrò. Èyíwùnmí lorúkọ rẹ̀. Ohun tó ń ṣe Dérìn yìí ló ṣe é. Mo fi í sílẹ̀ sí abúlé, mo ní mò ń bọ̀. Mi ò padà lọ."