Ìṣirò Tí Jevon Kò Parí

"Dádì, ẹ tún èsì ìbò náà kà."

"Mo ti kà á, mo tún un kà, Ianthe. Wọn ò ṣe èrú kankan. A fìdí rẹmi ni."

Ọ̀mọ̀wé Cuffy, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Dókítà, bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì. Olùkọ́ ìṣirò ni ní yunifásítì kó tó di olórí ẹgbẹ́ alátakò ní erékùṣù wọn, kò sì tíì wọlé ìbò rí. Àwọn ọmọ kíláàsì Ianthe ti fi í kọrin: "Bàbá ẹ mọ gbogbo ìṣirò, àfi ti ìbò!"

"Jẹ́ kí n bọ́jú, kí n lọ sọ fún wọn," ni bàbá náà wí.

Ianthe ló kọ́kọ́ jáde. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nínú ẹ̀wù yẹ́lò kún iwájú ilé fọ́fọ́. Jevon, ọmọ Mísì Eulalie tó ń din àkàrà ẹja létí òkun, dúró níwájú pátákó tí Dókítà fi ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdánwò rẹ̀ ti dé tán, ìṣirò kan ló ń bá yí.

"Ianthe, kí ni Dókítà wí? Àbí wọ́n tún ti lù wá bolẹ̀ ni?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dun Ianthe dọ́kàn. Ó rántí pé òun ń padà sílé ìwé lọ́jọ́ Ajé, ó rántí orin wọn, ojú sì tì í.

"Wọ́n jà wá lólè! Dádì ti ṣírò ẹ̀, èrú ni wọ́n ṣe!"

Ta ni yóò bá Dókítà jiyàn lórí ìṣirò? Jevon ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ!" Wọ́n ya lọ sí ọ́fíìsì elétò ìdìbò létí èbúté. Ianthe ì bá pè wọ́n padà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí wọ́n lọ.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ jáde, kò bá ẹnì kan. "Àwọn èèyàn mi dà?" Ianthe kò tíì fèsì tí ìró ìbọn ọlọ́pàá fi dún lápá èbúté.

Jevon nìkan ló kú.

Dókítà lọ sọ òtítọ́ lórí rédíò pé àwọn fìdí rẹmi. Àwọn tó ń gbé e gẹ̀gẹ̀ lánàá ló wá ń sọ òkò lu òrùlé rẹ̀. "Ọ̀dàlẹ̀! Ó ti tà wá!" Ianthe ti fi ẹkún jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀, síbẹ̀ bàbá náà kò dárúkọ ọmọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Níbi ìsìnkú, Mísì Eulalie wá bá a. "Dókítà, ọmọ mi gbà yín gbọ́. Ẹ ní wọ́n jà yín lólè, ẹ tún ní wọn ò jà yín lólè. Èwo ni kí n mú?"

Dókítà tẹrí ba.

"Dádì ò sọ bẹ́ẹ̀, mà," ni Ianthe wí. "Èmi ni mo parọ́."

Obìnrin náà wò ó títí. "Àkàrà tèmi lo jẹ dàgbà, Ianthe." Ó yíjú sí sàréè ọmọ rẹ̀.

Dókítà kò ṣe òṣèlú mọ́. Ìṣirò Jevon ṣì wà lójú pátákó ní ìdajì, kò sẹ́ni tó jẹ́ pa á rẹ́, ibẹ̀ ni Ianthe sì ń gbà kọjá lọ sílé ìwé láràárọ̀. Bàbá rẹ̀ a máa sọ fáwọn ọmọ pé, "Ẹ má bẹ̀rù àṣìṣe, dọ́sítà wà." Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ ti ìṣirò. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn: irọ́ tí Ianthe pa nítorí ẹ̀rín ọjọ́ kan ti fọ́, kò sì sí dọ́sítà tó lè nù ún.